Ìlà mẹ́ta tó da ilé olójúlé mẹ́jọ rú

"Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ọjọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ wá tún ilé ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wọn."

Ohun tí onílé kọ sórí WhatsApp nìyẹn ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, aago 9:40. Ìlà mẹ́ta. Èèyàn méjìlá ló wà lórí ẹgbẹ́ náà, mẹ́rin pére ló fèsì, "Ẹ ṣeun, sà" ni gbogbo wọn sì kọ. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí, "Ẹ ṣeun, sà" ti di ìwé ẹ̀sùn olójú ewé mẹ́fà, bàbá kan sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ojúlé karùn-ún pé òṣìṣẹ́ kankan ò ní kọjá òun.

Iṣẹ́ alárinà ni mò ń ṣe. Onílé àti ayálégbé ló máa ń pè mí kó tó di pé wọ́n gbé ara wọn dé kóòtù. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní sọ ibi tí ilé náà wà. Ojúlé tí kálukú ń gbé ni mo máa fi pè é. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé onílé yìí kì í ṣe èèyàn burúkú, iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe sì pọn dandan. Síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ilé náà tú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ilé ọ̀hún ti lé ní 50 ọdún. Páìpù irin ni wọ́n fi gbé omi gba inú ògiri rẹ̀. Irú páìpù bẹ́ẹ̀, inú ló ti máa ń dógùn-ún kó tó hàn lóde. Ihò rẹ̀ á máa dí díẹ̀díẹ̀, omi á máa yọ́ jáde sínú ògiri, ọjọ́ tó bá sì máa bẹ́, kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ògiri ilé ìdáná ojúlé kìíní ti ń tutù fún oṣù mẹ́rin, ó ti hùkasì. Ìyá tó ń gbé ibẹ̀ ti kọ lẹ́tà méjì sí onílé nípa rẹ̀. Mo rí àwọn lẹ́tà náà, ọjọ́ wà lára wọn, onílé ò sì jiyàn pé òun gbà wọ́n. Torí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kí wọ́n má tún páìpù ṣe.

Àmọ́ nígbà tí púlọ́ḿbà wá ṣírò iye tí iṣẹ́ páìpù máa gbà, ọmọ onílé tó ń bá a mójú tó ilé ní, "Dádì, nígbà tó jẹ́ pé a máa lu ògiri náà ni, ẹ jẹ́ ká kúkú pààrọ̀ fèrèsé, ká sì fi mítà omi sí ojúlé kọ̀ọ̀kan." Wọ́n yáwó ní báńkì. Wọ́n ṣírò ọ̀nà tí wọ́n á gbà san án: tí iṣẹ́ bá parí, owó ilé á fi ìdá 15 nínú 100 gòkè, kálukú á sì máa san owó omi tó bá lò. Kò sí èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìlà mẹ́ta ọjọ́ Ẹtì.

Mo bi bàbá náà pé kí ló dé. Ó wò mí bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè. "Tí mo bá sọ fún wọn, ṣé wọ́n á jẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ajé yẹn, torí pé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi.

Nọ́ọ̀sì ló ń gbé ojúlé kẹta. Iṣẹ́ òru ló ṣe mọ́jú. Aago 6:30 àárọ̀ ló wọlé, ó wẹ̀, ó sùn. Kò tíì ka ohun tó wà lórí ẹgbẹ́ WhatsApp náà láti ọjọ́ Ẹtì. Ó ti pa á lẹ́nu mọ́ tipẹ́, torí àwòrán òdòdó àti ìkíni àárọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. (Mi ò lè bá a wí. Èmi náà ti pa irú ẹgbẹ́ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́.) Nígbà tó kọjá aago 8 díẹ̀, ó gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń yí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó rò pé àlá ni. Ìgbà tó máa dìde, ọkùnrin méjì tí kò mọ̀ rí ti wà ní pálọ̀, òòlù wà lọ́wọ́ ọ̀kan. Igbe tó ké, ẹni tó wà lókè pátápátá ló gbọ́ ọ tó fi sáré sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: púlọ́ḿbà ni àwọn, ọmọ onílé ló kó kọ́kọ́rọ́ fún àwọn, àwọn kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta kí àwọn tó ṣí i. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ńṣe ni nọ́ọ̀sì ń fi àga ti ilẹ̀kùn kó tó sùn.

Ní aago 9, wọ́n ti omi pa. Kò sẹ́ni tó bu omi sílẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Púlọ́ḿbà ti sọ fún onílé pé omi ò ní lọ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Etí onílé nìkan lọ̀rọ̀ náà dé. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀hún di mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n la ògiri tó wà láàárín ojúlé kejì àti ìkẹrin, páìpù tí wọ́n rò pé ọ̀kan ni wá jẹ́ mẹ́ta, tí oníṣẹ́ kan láyé àtijọ́ ti so mọ́ra lọ́nà tí òun nìkan mọ̀. Irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti la ògiri ilé àtijọ́ rí mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í bá ìwé mu. Mi ò rí ẹ̀bi púlọ́ḿbà níbẹ̀. Ẹ̀bi tí mo rí ni pé láti ọjọ́ kejì ló ti mọ̀ pé iṣẹ́ náà máa pẹ́, ó sì sọ ọ́ fún ọmọ onílé, àmọ́ ìyá àgbà tó wà ní ojúlé kẹjọ, lókè pátápátá, ń fi kẹ́tùlù gbé omi gun àtẹ̀gùn títí di ọjọ́ karùn-ún, tó ń retí pé "wọ́n ní lónìí ló máa dé." Ká ní ó mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, ilé àbúrò rẹ̀ ni ì bá lọ. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ti ojúlé kẹfà tún yàtọ̀. Ọkùnrin tó ń gbé ibẹ̀ ti rìnrìn àjò níbi iṣẹ́. Wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n lu ògiri yàrá rẹ̀, wọn ò fi nǹkan kan bo ẹrù rẹ̀. Nígbà tó dé, eruku sìmẹ́ńtì ti bo ibùsùn, aṣọ àti kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà náà kọ̀, kò tàn mọ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, omi dé. Kí ìdùnnú tó rọlẹ̀, ọmọ onílé kọ̀wé pé lọ́la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fèrèsé, láti ojúlé karùn-ún. Ọmọ oṣù márùn-ún wà ní ojúlé karùn-ún. Ibẹ̀ ni bàbá ọmọ náà ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti pè mí.

Ìjókòó àkọ́kọ́ ò dùn. Onílé jókòó síwájú pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, àwọn ayálégbé tó kù dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga wà.

"Bàbá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn mọ́ mi lórí nígbà tí mo ń sùn," ni nọ́ọ̀sì fi bẹ̀rẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo ṣí i, ọmọ mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ni."

"Kọ́kọ́rọ́ ta ni wọ́n fi ṣí i, sà?"

Bàbá ò dáhùn. Ọmọ rẹ̀ ló ní, "Ẹ jọ̀ọ́, a kúkú kọ ọ́ sórí WhatsApp."

Bí tíṣà tó ń gbé ojúlé kejì ṣe ń bínú, ó ka ọ̀rọ̀ kan láti inú ìwé àdéhùn ilé, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ní ìdí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lórí àtúnṣe: onílé lè wọlé láti tún nǹkan ṣe "lẹ́yìn tó bá ti fi tó ayálégbé létí ní àkókò tó bójú mu." Kò sí iye ọjọ́ níbẹ̀. Kò sì sọ bóyá ẹnu ni tàbí ìwé. Onílé ní ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ajé bójú mu. Tíṣà ní rárá: ó ti gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, wákàtí 24 ni wọ́n máa ń fún èèyàn níbẹ̀. Ọmọ onílé rẹ́rìn-ín, ó ní ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ajé kúkú ju wákàtí 24 lọ. Bàbá ojúlé karùn-ún ní ẹ̀gbọ́n òun wà ní Jámánì, oṣù mẹ́ta ni tiwọn. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́, ohun tí wọ́n ń sọ ò sì jọra. Òfin Onílé àti Ayálégbé ti 1985 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní abala kọkànlá, fún onílé láyè láti wọlé wo bí ilé ṣe wà, ní àkókò tó yẹ lójú mọmọ, tó bá ti fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ní wákàtí 24, nínú ìwé. Wíwọlé lásán ni wákàtí yẹn wà fún: kí o yẹ ògiri wò, kí o mọ ohun tó bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ pé ó tó láti gba omi lọ́wọ́ èèyàn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Oṣù mẹ́ta ti Jámánì ní tirẹ̀, àfikún ló wà fún. Láti 2013 ni òfin wọn ti pín iṣẹ́ ilé sí ọ̀nà méjì kedere. Tó bá jẹ́ láti tọ́jú ohun tó wà nílẹ̀ ni, kí onílé sọ fún èèyàn ní àkókò tó dáa, àfi tí iṣẹ́ náà bá kéré tàbí tó bá di pàjáwìrì. Tó bá jẹ́ láti mú ilé dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, oṣù mẹ́ta ṣáájú ni, nínú ìwé, kó sì sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́, ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa pẹ́ tó, àti iye tí owó ilé máa fi gòkè tó bá fẹ́ fi kún un.

Ìyàtọ̀ yìí ni mo fi mú wọn jókòó. Àtúnṣe ni kí ohun tó bàjẹ́ padà sí bó ṣe yẹ kó wà. Ayálégbé ti sanwó fún un nínú owó ilé tó ń san, kò sì lè sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Àfikún ni kí ohun tí kò bàjẹ́ di ohun tó dára sí i. Ayálégbé ò bèèrè fún un, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló máa sanwó rẹ̀ ní ọ̀la. Onílé ti ká àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "tún ilé ṣe," ó wá fi páìpù tó ń jò bo fèrèsé mọ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, níwájú gbogbo wọn. Inú rẹ̀ ò dùn.

"Nítorí náà, olè ni mí?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ kàn sọ ìdajì ọ̀rọ̀ ni."

Ìyá ojúlé kìíní ló gbà mí. Ó ní, "Bàbá wa, èmi ni mo kọ lẹ́tà páìpù. Ká ní ẹ sọ pé páìpù nìkan ni, n bá bá yín tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ilé."

A jókòó lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èmi, onílé, ọmọ rẹ̀, tíṣà àti bàbá ojúlé karùn-ún. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni kí a pín ohun tó kù sí méjì. Páìpù ti parí, àtúnṣe ni. Mítà omi, àfikún ni, kò ní àríyànjiyàn nínú. Fèrèsé ló gba àkókò. Ọmọ onílé ní gbogbo rẹ̀ ti gbó. A rìn yíká ilé. Méjì péré ló ti jẹrà, ní ojúlé kìíní àti ìkẹrin, níbi tí omi ti ń rọ̀ sí igi rẹ̀ lára. Àwọn tó kù ń ṣí, wọ́n ń tì, wọn ò kàn rẹwà mọ́ ni. A kọ méjì sábẹ́ àtúnṣe, a kọ èyí tó kù sábẹ́ àfikún. Òfin Jámánì tún ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Láti 2019, ìdá 8 nínú 100 owó tí onílé ná lórí àfikún ló lè pín sórí owó ilé ọdún kan, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ iye tí ì bá ná lórí àtúnṣe kúrò. Òfin ibòmíì ni, kò de onílé yìí, àmọ́ ọmọ rẹ̀ tó mọ ìṣirò rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ó yọ páìpù kúrò, ó yọ fèrèsé méjì kúrò, ìdá 15 di ìdá 9. Bàbá rẹ̀ wo ìwé náà pẹ́, ó ní, "Báńkì ò ní yọ ìdá kankan fún mi o." Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò rí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

A wá jà lórí ọjọ́. Onílé fẹ́ ọ̀sẹ̀ 2, torí èlé owó báńkì ń gorí ara wọn. Tíṣà fẹ́ oṣù mẹ́ta bíi ti Jámánì. Ọ̀sẹ̀ 8 la fàbọ̀ sí. Kò sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan nínú iye yẹn; ó jẹ́ ibi tó rẹ àwọn méjèèjì dé.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ gba ìrọ̀lẹ́ kan lọ́tọ̀. Mo fi hàn wọ́n bí àwọn ibòmíì ṣe kọ tiwọn. Ní Ontario, ní Kánádà, òfin wọn ti 2006 ní kí ìwé náà sọ ìdí, ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n máa wọlé, láàárín aago 8 àárọ̀ sí 8 alẹ́, ó kéré tán wákàtí 24 ṣáájú. Ní California, wákàtí 24 ni wọ́n kà sí èyí tó tó tí wọ́n bá fi ìwé náà lé èèyàn lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n gbé e gbà, ọjọ́ 6 ni, torí ìwé máa ń pẹ́ lọ́nà. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní kí ayálégbé jẹ́ kí onílé wọlé wá wò, kó sì tún nǹkan ṣe, àmọ́ lójú mọmọ, ní àkókò tó yẹ, pẹ̀lú ìwé. Nínú gbogbo wọn, ìwé ni, kì í ṣe ẹnu. Nọ́ọ̀sì tẹ́tí sí mi títí mo fi parí, ó wá ní, "Èyí tó kan California yẹn ló yé mi jù. Wọ́n rò ó pé ìwé lè má tíì dé ọwọ́ èèyàn." Òun náà ló dá a lábàá pé kí ìfitónilétí má di ohun tó pé títí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí á fi dáhùn pé òun rí i, tí kò bá dáhùn lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀. A gbà á.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìwé mi dà sí àpò, kí n máa lọ. Ọkùnrin ojúlé keje, tí kò tíì sọ gbólóhùn kan láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, gbé ọwọ́ sókè. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ló ń ṣe. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dà tó wà lára àwọn fèrèsé tí ẹ fẹ́ yọ yìí, ọdún wo ni wọ́n kùn ún?"

Ojú tì mí. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọjọ́, àkókò, owó, kọ́kọ́rọ́ ni mo máa ń bèèrè. Mi ò bèèrè ọ̀dà. Ilé tó lé ní 50 ọdún nìyí. Òjé pọ̀ nínú ọ̀dà ayé àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, 1978 ni wọ́n fòpin sí lílò rẹ̀ fún ilé gbígbé. Tí wọ́n bá fi sáńpépà ha irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, tàbí tí wọ́n bá fi òòlù lu férémù fèrèsé jáde, eruku rẹ̀ á balẹ̀, ọmọ tó ń rá á sì fi ọwọ́ kó o sẹ́nu. Ọpọlọ ọmọ ni òjé máa ń bà jẹ́, kò sì sí iye òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí ẹnikẹ́ni lè sọ pé kò léwu. Nítorí èyí, tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978 ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbọ́dọ̀ fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní ìwé pélébé tó ṣàlàyé ewu náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, láìju ọjọ́ 60 lọ ṣáájú. Láti oṣù kẹrin 2010 sì ni òfin ti de ọ̀nà tí wọ́n á gbà ṣe iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Òfin náà ò kan iṣẹ́ kéékèèké, àmọ́ ó kan yíyọ fèrèsé, bó ti wù kí fèrèsé náà kéré tó.

Ọmọ oṣù márùn-ún ló wà ní ojúlé tí wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gé ọ̀dà díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Òjé wà nínú rẹ̀. Ọmọ onílé fúnra rẹ̀ ló gbé èsì náà wá fún mi, kò sì jókòó. Ó ní òun náà ní ọmọ.

Ìfitónilétí kejì, ojú ewé kan àtààbọ̀ ni. Èmi àti tíṣà la jọ kọ ọ́, ọmọ onílé gé ibi tó gùn jù. Mi ò lè kọ gbogbo rẹ̀ síbí, àmọ́ ibi tó ṣe pàtàkì nìyí:

"Iṣẹ́ tó kù kì í ṣe àtúnṣe, àfi fèrèsé méjì ní ojúlé kìíní àti ìkẹrin. Á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8. Ojúlé kọ̀ọ̀kan á gba ọjọ́ kan, ó lè wọ ọjọ́ kejì. Láti aago 9 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ la máa ṣe é. Òjé wà nínú ọ̀dà fèrèsé àtijọ́. A óò fi ọ̀rá bo ilẹ̀ àti ẹrù yín, a óò fi omi rin ọ̀dà kí a tó fọwọ́ kàn án, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá eruku rẹ̀, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. A ò ní wọ ojúlé tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ bá kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ká wọlé. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ fi mítà sí, omi á lọ fún nǹkan bíi wákàtí 4; ẹ óò gbọ́ ọ ní ọjọ́ 3 ṣáájú. Lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí àdéhùn kálukú bá tó tún ṣe, owó ilé á fi ìdá 9 nínú 100 gòkè. Ẹni tí ọjọ́ yìí kò bá rọrùn fún, kó kọ̀wé láàárín ọ̀sẹ̀ 3, kó sọ ìdí. Tí ọjọ́ bá yẹ̀, a óò sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a bá mọ̀."

Púlọ́ḿbà ló jà fún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ẹ̀yin èèyàn. Ó ní kí a má fi ipá mú òun kọ ọjọ́ tí kò dá òun lójú, kí a kúkú kọ pé ọjọ́ lè yẹ̀, kí a sọ ẹni tó máa ṣàlàyé. Òun ló gbọ́n jù nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni mẹ́ta ló kọ̀wé padà. Ìyá àgbà ojúlé kẹjọ ní kí wọ́n jẹ́ kí tòun gbẹ̀yìn, kí òun lè lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun. Nọ́ọ̀sì kọ àwọn ọjọ́ tí kò ní ṣe iṣẹ́ òru, wọ́n sì fi tiẹ̀ sí ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ojúlé karùn-ún kó lọ sí yàrá ìṣàlẹ̀ tó ṣófo fún ọjọ́ mẹ́rin, onílé ò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Tíṣà ní tirẹ̀ kọ̀wé pé òun ń kó lọ. Kò bínú, ó ní ìdá 9 yẹn ló ju agbára òun lọ, òun sì dúpẹ́ pé òun mọ̀ ọ́n kó tó di pé àdéhùn òun parí. Onílé jẹ́ kó lọ láìgba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ pé àdéhùn rẹ̀ ò tíì pé. Ó dùn mí díẹ̀, torí pé òun ló kọ ìdajì ìwé náà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yanjú. Mo dá a lábàá pé kí wọ́n yọ ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kò sí omi kúrò nínú owó ilé. Onílé kọ̀ jálẹ̀: ó ní àtúnṣe ni, àwọn náà ló bèèrè fún un. Mo ní ẹni tó bèèrè fún àtúnṣe kò bèèrè pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó yọ ọjọ́ mẹ́rin, láti ọjọ́ tí púlọ́ḿbà ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé iṣẹ́ máa pẹ́ títí dé ọjọ́ tí wọ́n tó sọ fún ilé. Kò yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó san owó àtúnṣe kọ̀ǹpútà ojúlé kẹfà, àmọ́ ìdajì ni, torí pé kò sẹ́ni tó lè fi hàn bí kọ̀ǹpútà náà ṣe wà kí eruku tó dé. Ọkùnrin náà gbà á, kò sì kí onílé mọ́ lórí àtẹ̀gùn.

Ojúlé mẹ́jọ náà gba ọjọ́ mọ́kànlá dípò mẹ́sàn-án tí wọ́n ṣírò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà, ọmọ onílé kọ̀wé pé férémù kan ò bá ògiri mu, ojúlé keje á sún sí ọjọ́ kejì. Ọkùnrin ọlọ́dà kọ "Mo rí i" padà láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, onílé fi ohun tó kọ sí àwọn ayálégbé ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n fẹ́ fọ táǹkì omi. "Ọjọ́bọ̀, aago 10 sí 12. Ẹ bu omi sílẹ̀. Tó bá kọjá 12, ọmọ mi á pè yín. Ẹ má kọ 'Ẹ ṣeun, sà,' ẹ kọ pé ẹ rí i." Mo bi í pé ṣé gbogbo wọn ti dáhùn. Ó ní gbogbo wọn, àti nọ́ọ̀sì pàápàá, tó ti dá ohùn ẹgbẹ́ náà padà.

Nọ́ọ̀sì ti pààrọ̀ àgádágodo rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ parí, pẹ̀lú ìmọ̀ onílé. Àdéhùn ni pé kó fún onílé ní kọ́kọ́rọ́ kejì, kí wọ́n dì í sínú àpò ìwé, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pàjáwìrì. Wọ́n ti ra àpò ìwé náà. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.